Ẹjọ́ Ogún àti Ilé-Ẹjọ́ tí Ó Ni Ín

Gbogbo ẹni tí ó ti ka ìwé Númérì ní ilé-ìwé ni yóò rántí àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí Selofehadi fi sílẹ̀. Baba wọn kú ní aginjù, kò sì bí ọmọkùnrin. Àwọn ọmọ náà wá dúró níwájú Mósè, níwájú àlùfáà àti gbogbo ìjọ ènìyàn, wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ baba àwọn parẹ́ kúrò láàrin ẹbí rẹ̀ nítorí pé kò ní ọmọkùnrin. Onídàájọ́ ńlá ni Mósè, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀ràn yìí ga ju òun lọ. Kò lé àwọn ọmọ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ẹjọ́ wọn láti inú orí ara rẹ̀. Ó gbé e lọ síwájú Olúwa, níbẹ̀ ni a sì ti dá wọn láre.

Ẹ rántí pẹ̀lú ọkùnrin kan nínú Ìhìnrere Lúùkù, tí ó bẹ Olúwa wa pé kí ó pàṣẹ fún arákùnrin òun láti pín ogún fún òun. Olúwa kọ̀, nítorí a kò fi í ṣe onídàájọ́ lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kan náà, nígbà tí Pílátù gbọ́ pé ará Gálílì ni Jésù, ó fi í ránṣẹ́ sí Hẹ́rọ́dù, nítorí pé abẹ́ àṣẹ Hẹ́rọ́dù ni ilẹ̀ Gálílì wà. Láti inú ìtàn wọ̀nyí a rí ohun méjì tí onídàájọ́ lè ṣe nígbà tí ẹjọ́ kì í bá ṣe tirẹ̀: ó lè kọ̀ ọ́, tàbí kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó ni ín. Ohun kẹta tún wà, òun ni ó sì burú jùlọ: kí ó jókòó kí ó dá a láìní àṣẹ. Ní orí ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ opó àti ọmọ aláìníbaba ni ó ti pàdánù ọdún púpọ̀, kì í ṣe nítorí pé wọ́n jẹ̀bi, bí kò ṣe pé ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n lọ kàn.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ nǹkan yìí. Nínú agbo ilé, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ni ó ń pín ogún. Bí òkú bá ní ìyàwó púpọ̀, wọ́n a máa pín in ní ìdí-igi, èyíinì ni pé iye ìyàwó tí ó bí ọmọ fún un ni iye ọ̀nà tí a ó pín ogún sí. Tàbí kí wọ́n pín in ní orí-ojorí, èyíinì ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín tirẹ̀. Bí ìjà bá dé tí àgbà ilé kò lè parí rẹ̀, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bí ó bá ju ìjòyè lọ, a gbé e dé ààfin. Kò sí ẹni tí yóò fo baálé dá kí ó lọ bá ọba, nítorí ọba fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni àwọn àgbà ilé rẹ wí?” Ẹjọ́ a máa rìn láti ọwọ́ kékeré dé ọwọ́ ńlá láìjẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wàyí, nítorí láti ibẹ̀ ni ìwé ìhágún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wíìlì, ti wá bá wa, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí àwọn ará Èkó ń pè ní próbéètì, èyí tí ilé-ẹjọ́ fi ń jẹ́rìí pé ìwé ìhágún náà jẹ́ òtítọ́, tí ó sì fi ń fún alábòójútó ní agbára lórí ohun-ìní òkú. Yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu láti gbọ́ pé fún nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ ọba ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ yìí, bí kò ṣe ilé-ẹjọ́ ìjọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí ènìyàn bá ń kú lọ, àlùfáà ni ó máa ń wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Òun ni ó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì ń gbọ́ ohun tí ó fẹ́ fi tọrẹ nítorí ọkàn rẹ̀. Nítorí náà ìfẹ́ ìkẹyìn òkú di ohun tí ìjọ ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọ ní ààlà. Owó, ẹran-ọ̀sìn, aṣọ àti ohun èlò ilé wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ wà lábẹ́ ilé-ẹjọ́ ọba. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè kú, kí ẹjọ́ ogún rẹ̀ sì di méjì. Bí ilé-ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù bá na ọwọ́ kọjá ààlà, àwọn onídàájọ́ ọba a fi ìwé ìdènà ránṣẹ́ sí i pé kí ó dáwọ́ dúró. Ẹ kíyèsí i pé ìdènà ni ìwé náà, kì í ṣe ìwé ìgbéjọ́-lọ. Olùpẹ̀jọ́ tí a dá dúró báyìí ní láti lọ wá agbẹjọ́rò mìíràn, kí ó san owó mìíràn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí ìlà kìn-ín-ní ní ilé-ẹjọ́ kejì.

Láàrin ilé-ẹjọ́ ìjọ pàápàá ààlà wà. Bí gbogbo ẹrù òkú bá wà ní abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, ilé-ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù náà ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ohun-ìní tí iye rẹ̀ tó £5 ní abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù mìíràn pẹ̀lú, ẹjọ́ náà di ti ilé-ẹjọ́ àgbà tí í ṣe ti Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury tàbí ti York. Ní London, £10 ni òdiwọ̀n náà. Àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ni ti William Shakespeare. Ó kú ní Stratford ní oṣù kẹrin ọdún 1616, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ilé-ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù Worcester, tí ó ni àgbègbè Stratford, ni a ti fi ìdí ìwé ìhágún rẹ̀ múlẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ àgbà ti Canterbury ní London ni a ti ṣe é, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún náà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá ṣi ilé-ẹjọ́ yàn? Níbí ni òfin ti le. Bí bíṣọ́ọ̀bù kékeré bá fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ nígbà tí ẹrù òkú wà ní abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù méjì, ìwé náà kò já mọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́. Ó dàbí ẹni pé a kò kọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ àgbà bá fún un nígbà tí kò yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀, ìwé náà a máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fi pe ẹjọ́ láti fagi lé e. Ẹ ro ti opó kan tí ó ti fi ìwé kìn-ín-ní gba gbèsè ọkọ rẹ̀, tí ó ti tà nínú ẹrù, tí ó sì ti fi owó náà tọ́ ọmọ. Lójijì ni a sọ fún un pé asán ni àṣẹ tí ó ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ẹ̀sùn kan lọ́rùn rẹ̀ ju pé kò mọ̀ pé ọkọ òun fi owó díẹ̀ pamọ́ sí ìlú kejì.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi dé ìdajì, irú ilé-ẹjọ́ wọ̀nyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ju 300 lọ, nítorí pé àwọn ìjọ kan tilẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn ráhùn títí. Charles Dickens, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ọ̀rọ̀ ní ilé-ẹjọ́ wọ̀nyí nígbà èwe rẹ̀, fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ David Copperfield. Níkẹyìn, ní ọdún 1857, àwọn aṣòfin ṣe òfin tí ó gba agbára yìí kúrò lọ́wọ́ ìjọ pátápátá, tí ó sì fi í lé ilé-ẹjọ́ tuntun kan lọ́wọ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858. Àwọn ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ kò kú. A gbé wọn kọjá sí ilé-ẹjọ́ tuntun náà. Bí ẹrù òkú kò bá sì tó £200, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tó £300, a fún onídàájọ́ ilé-ẹjọ́ kékeré ti àgbègbè ní àṣẹ láti gbọ́ ìjà tí ó bá wà lórí rẹ̀, kí aláìní má baà rìn dé London.

Ìgbésẹ̀ tí ó tóbi jùlọ dé pẹ̀lú òfin ọdún 1873, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1875. Òfin yìí so àwọn ilé-ẹjọ́ gíga ọba pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pín wọn sí ẹ̀ka. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá gbé ẹjọ́ ogún lọ sí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, a kò ní lé e jáde mọ́. Onídàájọ́ lè fi ìwé àṣẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí ẹ̀ka tí ó yẹ, kí ó sì máa bá a lọ láti ibi tí ó dé. Ohun tí àwọn àgbà wa ń ṣe láàrin agbo ilé àti ààfin ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé òfin wọn lẹ́yìn ìyà ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní àkókò yìí gan-an ni òfin wọn wọ ilẹ̀ wa. A gba Èkó ní ọdún 1861. Ní ọdún 1876, a dá Ilé-ẹjọ́ Àgbà sílẹ̀ fún Gold Coast àti Èkó, a sì fún un ní agbára tí ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní, títí kan ti ìwé ìhágún. Òfin kan náà sọ pé kí a máa pa àṣà ìbílẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá lòdì sí òdodo àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Nígbà náà ni ìbéèrè tuntun dé: bí ọmọ ilẹ̀ yìí bá kú, ṣé abẹ́ àṣà baba rẹ̀ ni ogún rẹ̀ wà, tàbí abẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì?

Òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 fẹ́ dáhùn fún àwọn tí ó gbéyàwó ní ìlànà rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó padà bọ̀ láti Sierra Leone ni ó ti gbéyàwó kí wọ́n tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Cole. Ó gbéyàwó ní ìlànà ìjọ ní Sierra Leone, ó padà sí Èkó, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní àṣà ìbílẹ̀ ni ó kan, pé òun gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí ni yóò ṣe àbójútó ogún. Opó náà kò gbà. Onídàájọ́ kìn-ín-ní gba ti arákùnrin náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ gbogbo àwọn onídàájọ́ ní ọdún 1898, wọ́n yí i padà, wọ́n ní irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti mú ogún ọkùnrin náà bọ́ sí abẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé òrùka ìgbéyàwó lè yí ọ̀nà tí ogún ènìyàn yóò gbà padà.

Ní òkè-odò, ọ̀ràn náà tún ní ojú mìíràn. Òfin ọdún 1914 fi ìdí àwọn kóòtù ìbílẹ̀ múlẹ̀, a sì fi ogún tí ó wà lábẹ́ àṣà lé wọn lọ́wọ́. Òfin ọdún 1933 tún wọn ṣe. Lábẹ́ ìpín kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n òfin náà, ajẹ́lẹ̀ lè gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù ìbílẹ̀ lọ sí kóòtù mìíràn tàbí sí ilé-ẹjọ́ gíga. Nígbà tí a sì tún òfin Ilé-ẹjọ́ Àgbà ṣe ní ọdún 1943, a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ kóòtù ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbà, àyàfi bí a bá gbé e wá láti kóòtù ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpín yẹn. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti tóóró tó. Ẹjọ́ kan náà, láàrin àwọn ènìyàn kan náà, lórí oko kòkó kan náà: bí ó bá gba ẹnu ọ̀nà kóòtù ìbílẹ̀ wọlé tí a sì fi ìwé gbé e lọ, ìdájọ́ rẹ̀ dúró, bí ó bá fò gba ojú fèrèsé lọ tààrà, asán ni.

Ohun tí ó jẹ́ asán kì í di rere nítorí pé ó pẹ́. Ní ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim, Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ ti Nàìjíríà la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní kedere. Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ ní àṣẹ nígbà tí iye àti ipò àwọn onídàájọ́ rẹ̀ bá pé bí ó ti yẹ, tí ọ̀ràn náà bá wà lára ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ tí ohunkóhun kò sì dí i lọ́nà, tí a sì gbé e wá ní ìlànà tí òfin fi lélẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù, gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe di asán, bí ó ti wù kí a ṣe é dáradára tó. Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni fi lè gbé ọ̀rọ̀ àìní-àṣẹ dìde nígbàkígbà, ìbáà ṣe pé ẹjọ́ ti dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ. A lè jẹ́rìí fún ọdún mẹ́wàá, kí a sì padà sí ẹsẹ̀ kìn-ín-ní.

Ǹjẹ́ gbogbo onídàájọ́ ha lè gbé ẹjọ́ lọ fún ẹlòmíràn? Rárá o. Agbára láti gbé ẹjọ́ lọ jẹ́ ohun tí ìwé òfin gbọ́dọ̀ fi fún un. Ẹni tí kò ní àṣẹ lórí nǹkan kò lè ta á lọ́rẹ. Níbi tí òfin kò bá ti fún un, ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni kí ó yọ ẹjọ́ náà kúrò nínú ìwé rẹ̀. Yíyọ yìí kì í ṣe ìdálẹ́bi. Olùpẹ̀jọ́ lè lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti lọ, àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì lè ti kú. Nítorí náà ni ó fi dára tí àwọn òfin kan fi ń sọ ọ́ kedere. Òfin tí ó dá ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, fún àpẹẹrẹ, sọ pé bí a bá mú ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ wá síwájú rẹ̀, onídàájọ́ lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ dípò kí ó yọ ọ́.

Kí ni èyí kan tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ fún? Ó kàn wọ́n púpọ̀. Ní abúlé, tíṣà ni a máa ń pè lóru nígbà tí àgbà kan bá fẹ́ kọ ìwé ìkẹyìn rẹ̀, òun náà ni opó máa ń tọ̀ wá lẹ́yìn ìsìnkú pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n gbà?” Kí ó tó dá a lóhùn, kí ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé òkú kọ ìwé ìhágún? Bí ó bá kọ ọ́, ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ ni ibi tí a ti ń gba próbéètì, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Irú ìgbéyàwó wo ni ó ṣe? Ibo ni ilẹ̀ àti ilé rẹ̀ wà? Ṣé gbogbo ohun-ìní náà wà ní ibì kan, tàbí ó wà ní Ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí ní òkè-òkun? Nítorí bí ó bá wà níbòmíràn, kò pọn dandan kí a tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1892 àti ti ilẹ̀ wa ní ọdún 1966 fi àyè sílẹ̀ kí ilé-ẹjọ́ kejì fi èdìdì tirẹ̀ lé ìwé àṣẹ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó rán opó náà lọ sọ́dọ̀ amòfin, nítorí tíṣà kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Mósè kò tijú láti sọ pé ẹjọ́ yìí ju òun lọ, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà lọ sílé lọ́wọ́ òfo nítorí ìyẹn. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi máa wọn ilé-ẹjọ́ gbogbo nìyẹn. Kí ó mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ pin sí. Nígbà tí ó bá sì dé ibẹ̀, kí ó fa ọwọ́ aláìníbaba dé ẹnu ọ̀nà tí ó kàn, dípò kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àwa tí a ń kọ́ni, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ àwọn ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí ní mímọ̀ dáradára kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ tó dé, nítorí ọjọ́ tí omijé bá wà lójú kọ́ ni ènìyàn ń ríran dé ọ̀nà jíjìn.